Bọ́ọ̀lù Kì í Dúró De "Ẹ Jọ̀ọ́, Àǹtí Mi"

Nígbà tí ara mi ṣì le, tí mo lè sáré yí pápá ká lẹ́ẹ̀mẹ́fà kí èémí mi má sì gé… Dámi, má rẹ́rìn-ín. Mo ní má rẹ́rìn-ín. O rí ikùn yìí, o rò pé òun ni mo gbé wáyé? Ẹ jókòó dáadáa, ẹ̀yin ọmọ ẹ̀gbọ́n mi. Ẹ ní kí n sọ bí mo ṣe di kóòṣì, ẹ gbé fóònù síwájú mi kó máa gba ohùn mi sílẹ̀, ẹ wá ń rẹ́rìn-ín. Ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ bó ṣe rí. Èmi kì í fi epo ra ọ̀rọ̀ lára.

Kóòṣì ni mí. Kì í ṣe kóòṣì orí tẹlifíṣàn tó ń wọ kóòtù, tó ń jẹ ṣingọ́ọ̀mù. Kóòṣì ilé-ìwé sẹ́kọ́ńdìrì ni mí, ní Dutse Alhaji ní Àbújá níbí, bọ́ọ̀lù àwọn ọmọbìnrin. N kò ní dárúkọ ilé-ìwé náà. Àwọn tó ni ín ṣì wà láàyè, n kò sì fẹ́ kí ẹnikẹ́ni wá fi lọ́yà halẹ̀ mọ́ mi. Kì í ṣe ayé ìgbà Nóà, bí ọdún méje, mẹ́jọ sẹ́yìn ni. Ṣùgbọ́n bí mo bá wo Dutse báyìí, ó dà bí ìlú mìíràn. Nígbà náà, bí ẹ bá dúró ní ẹnu ọ̀nà ilé-ìwé wa, àpáta lẹ máa rí, àti oko àgbàdo àwọn Gbagyi tó ni ilẹ̀ ibẹ̀. Kí lẹ rí báyìí? Ògiri. Ògiri àti géètì, àti ṣọ́ọ̀bù tí wọ́n ti ń ta tẹ́tẹ́ bọ́ọ̀lù. Àwọn ọmọkùnrin jókòó síbẹ̀ láti àárọ̀ ṣúlẹ̀. Wọn kò gbá bọ́ọ̀lù rí láyé wọn, àfi kí wọ́n máa sọ ẹni tí yóò gbá a wọlé. Ẹ gbọ́, ṣé eré ìdárayá nìyẹn?

Kíláàkì ni mo jẹ́ ní ọ́fíìsì. Mo ń kọ orúkọ àwọn ọmọ tuntun, mo ń tẹ ìwé ìdánwò, mo ń fún àwọn òbí ní àga kí wọ́n jókòó de ọ̀gá. Ta ló wá kọ́ mi ní bọ́ọ̀lù? Kò sẹ́ni tó kọ́ mi. Fèrèsé mi kọjú sí pápá ni. Lójoojúmọ́ ni mo ń wo àwọn ọmọkùnrin àti kóòṣì wọn, ohun tí ọkùnrin yẹn bá sọ, mo ń kọ ọ́ sẹ́yìn ìwé ìdánwò tó ti bàjẹ́. Bí mo bá délé, màá da ẹ̀wà sórí atẹ. Ẹ̀wà funfun, ikọ̀ kan. Ẹ̀wà pupa, ikọ̀ kejì. Màá tì wọ́n síwájú, màá tì wọ́n sẹ́yìn, títí mo fi mọ ohun tí wọ́n ń pè ní ọfusáìdì. Ọkọ mi á ti mínísírì dé, á tú táì rẹ̀, á dúró máa wò mí.

"Ìyá Túndé, ṣé líìgì ni ẹ̀wà yìí ń gbá ni, àbí a máa jẹ ẹ́?"

"Bàbá Túndé, ẹ ní sùúrù. Ó ku góòlù kan."

Ọkùnrin rere ni. Ó máa ń bínú, ṣùgbọ́n á tún bèèrè ikọ̀ tó borí.

Nígbà tí àwọn ọmọbìnrin kan wá bá mi ní ọ́fíìsì pé àwọn náà fẹ́ gbá bọ́ọ̀lù, tí kóòṣì àwọn ọkùnrin ní òun kò ráyè, mo ní èmi ráyè. Bẹ́ẹ̀ náà ni. Kò sí sàtífíkéètì. Fèrè kan tí mo rà, àti ẹnu mi. Ẹ sì mọ ẹnu mi. Màmá mi, kí Ọlọ́run fi ọ̀run kẹ́ wọn, máa ń sọ pé lọ́jọ́ tí wọ́n bá sin mí, ẹnu mi á ṣì máa dá àwọn tó ń gbẹ́ ilẹ̀ lóhùn.

Hẹ̀n-ẹ́n. Àwọn àárọ̀ yẹn… Pápá wa dagẹ̀rẹ̀. Bí ẹ bá ń gbá bọ́ọ̀lù lọ sọ́nà gọ́tà, ìsàlẹ̀ lẹ̀ ń lọ. Bí ẹ bá yí padà, òkè lẹ̀ ń gùn. Ilẹ̀ pupa, kò sí koríko. Lásìkò ọyẹ́, bí àwọn ọmọ náà bá sáré, eruku nìkan lẹ máa rí, ohùn wọn ni màá fi mọ ẹni tó wà níbẹ̀. Kí a tó bẹ̀rẹ̀, màlúù á kọ́kọ́ kọjá. Darandaran náà á gbé ọ̀pá rẹ̀ sókè. "Sànnu, hajiya!" Èmi náà á ní, "Yauwa, sànnu! Kó màlúù rẹ kúrò níwájú ilé góòlù mi!" Á rẹ́rìn-ín, á fọn ìfé, wọ́n á lọ. Àwa obìnrin á wá fi ẹsẹ̀ gbá ìgbẹ́ màlúù dànù, a ó bẹ̀rẹ̀ sí í sáré. Ẹ̀yin rò pé ẹnikẹ́ni ń ráhùn? Rárá. Ọsàn ni a fi ń sinmi láàárín eré. Kì í ṣe oje inú páálí tí ẹ ń mu yìí.

Nínú àwọn ọmọ náà, àwọn méjì kan wà, ọmọ ìyá kan náà. Mulikat ni ẹ̀gbọ́n, ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún. Rúkáyá ni àbúrò, ọmọ ọdún mẹ́tàlá péré, ṣùgbọ́n ó ga bí òpó iná. Bàbá wọn, Alhaji Wákílù, ará Ògbómọ̀ṣọ́ ni, ó ń ta irin àti páànù ní ọjà Dei-Dei. Ilé ọmọlúàbí ni ilé wọn. Bí àwọn ọmọ náà bá rí mi, orúnkún wọn á ti kanlẹ̀ kí n tó lajú mi tán.

Mulikat ló ń dí ẹ̀yìn fún wa. Ẹni tó bá fẹ́ gba ọ̀dọ̀ rẹ̀ kọjá, kó yáa gba ìlú Kubwa yípo. Rúkáyá ni aṣọ́lé. Ọwọ́ ọmọ yẹn! Bọ́ọ̀lù tó bá kan ọwọ́ rẹ̀, bí ẹyẹ tó bà lé àtè ni.

Ẹ gbọ́ èyí dáadáa, nítorí òun ni gbogbo ọ̀rọ̀ náà. Aṣọ́lé ló ń rí gbogbo pápá, nítorí ẹ̀yìn pátápátá ló wà. Ẹni tó ń dí ẹ̀yìn kò lè rí aṣọ́lé, nítorí ó kẹ̀yìn sí i. Bí bọ́ọ̀lù bá bọ́ sáàárín àwọn méjèèjì, aṣọ́lé gbọ́dọ̀ kígbe lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo: "Múlí, fi sílẹ̀!" Ìkejì á yẹra, aṣọ́lé á gbé bọ́ọ̀lù rẹ̀. Bí kò bá kígbe, àwọn méjèèjì á já lu ara wọn.

Rúkáyá kò lè kígbe. Láti ọjọ́ tí wọ́n ti bí i, kò pe ẹ̀gbọ́n rẹ̀ lórúkọ rí. Ohun tó máa ń sọ ni pé, "Àǹtí mi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi fi sílẹ̀." Ẹ rò ó wò! Kó tó dé "ẹ bá mi", bọ́ọ̀lù ti wọlé, ó ti jókòó, ó ti bèèrè omi.

Àwa Yorùbá! Ladi, ọmọ Gbagyi kan tó ń gbá ọwọ́ òsì, kì í yọ ara rẹ̀ lẹ́nu. Ní kíláàsì, ó ń pe àwọn tó jù ú lọ ní sínnọ̀. Ní pápá, orúkọ gbogbo ayé ló ń pè, títí kan tèmi. "Ìyá Túndé, wọ́n ti mí o!" Mo máa dáhùn. Ṣùgbọ́n Rúkáyá? Lọ́jọ́ kan tí a ń bá ilé-ìwé kan gbá a, òun àti Mulikat sáré já lu ara wọn, ètè Mulikat là. Bọ́ọ̀lù wà nílẹ̀ níbẹ̀. Dípò kí Rúkáyá gbé bọ́ọ̀lù, ó kúnlẹ̀ ti ẹ̀gbọ́n rẹ̀. "Àǹtí mi, ẹ má bínú, ẹ forí jì mí." Ọmọ ikọ̀ kejì rìn wá, ó rọra gbá bọ́ọ̀lù náà wọlé. Kò tilẹ̀ sáré. Rẹfirí fọn fèrè, ó ń rẹ́rìn-ín bò ó mọ́lẹ̀.

Mo mú àwọn méjèèjì dúró kojú ara wọn lọ́jọ́ kejì.

"Rúkáyá, pè é."

"Màmá, n kò lè pè é."

"Pè é ní Múlí."

Omi lé sójú ọmọ. Mulikat fúnra rẹ̀ ní, "Pè mí, n kò ní bínú."

"Ẹ máa bínú nílé, Àǹtí mi."

Ó gbà wá tó ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Ó kọ́kọ́ jáde bí ohùn òròmọdìẹ. Mo ní n kò gbọ́. Ó tún pè é. Mo ní àwọn màlúù tó wà lọ́nà Bwari kò gbọ́. Ni ọmọ náà bá dijú, ó di ọwọ́ méjèèjì, ó kígbe, "MÚLÍ, FI SÍLẸ̀!" Gbogbo pápá pàtẹ́wọ́. Mulikat ló kọ́kọ́ dì mọ́ ọn. Láti ọjọ́ yẹn, ẹ̀yìn wa di ògiri.

Ní tẹ́ẹ̀mù yẹn náà ni ọ̀gá ilé-ìwé pè mí. Àgbà ni, irun rẹ̀ ti funfun, ìjókòó rẹ̀ kún àga. Ó ní, "Ìyá Túndé, àwọn ọkùnrin ń ráhùn pé ẹ ń gba pápá lọ́wọ́ àwọn. Bí ẹ bá gba ife ẹ̀yẹ agbègbè wa ní tẹ́ẹ̀mù yìí, ẹ máa bá a lọ. Bí ẹ kò bá gbà á, àwọn ọmọ á padà sí kíláàsì, ẹ̀yin náà á padà sídìí tábìlì yín."

Ẹ gbọ́ mi, àwọn ọkùnrin yẹn kò gba ife kankan rí o! Wọn kò gba ife mímu omi pàápàá. Ta ló ní kí wọ́n padà sí kíláàsì? Ṣùgbọ́n mo ní, "A ti gbọ́, sà." Mo mọ̀ pé a lè gbà á. Bí mo bá ní ẹ̀yìn, ohun gbogbo ti parí.

Kò ju ọ̀sẹ̀ kan lọ, Alhaji Wákílù dé. Mo wà ní ọ́fíìsì, mo rí ọkùnrin kan tó dé fìlà, eruku Dei-Dei ṣì wà lára sálúbàtà rẹ̀.

"Ṣé ẹ̀yin ni kóòṣì?"

"Èmi ni, sà. Ẹ jókòó."

"N kò jókòó. Ṣé ẹ ní àbúrò?"

"Mo ní àbúrò mẹ́rin."

"Ṣé orúkọ yín ni wọ́n ń pè mọ́ yín lórí?"

Ó wá rò fún mi. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin ti Ògbómọ̀ṣọ́ wá kí i. Àwọn àlejò jókòó sí pálọ̀. Mulikat ń gbé ìkòkò ìrẹsì kalẹ̀ ní kíṣìnì, kò mọ̀ pé etí aṣọ tó fi mú un ti ń jó. Rúkáyá rí i láti ẹnu ọ̀nà. Kí ló ṣe? Ohun tí mo kọ́ ọ. "Múlí, fi sílẹ̀!" Ẹ̀gbọ́n Alhaji yí ojú padà, ó ní, "Wákílù, ṣé o ń tọ́ ọmọ ní Àbújá ni, àbí o kàn ń bọ́ wọn?"

Ẹ̀yin kò lè mọ bí ọ̀rọ̀ yẹn ṣe dun ọkùnrin náà tó. Ó tún un sọ fún mi lẹ́ẹ̀mejì, bí ẹni tó ń fi ọwọ́ tẹ ojú egbò.

Mo ní, "Alhaji, ṣé ọwọ́ Mulikat jó?"

"Kò jó."

"Ẹ dúpẹ́ lọ́wọ́ Rúkáyá nígbà náà."

Ẹ rí ẹnu mi? Ẹnu tí kò ní géètì. Ojú rẹ̀ le. Ó ní, "Àwọn ọmọ mi kò gbá bọ́ọ̀lù mọ́." Ó jáde lọ. Ìdíje ku ọjọ́ méjìlá.

Ọkọ mi ní kí n lọ bẹ̀ ẹ́. Mo ní, "Kí ni mo ṣe?" Ó ní, "Ìyá Túndé, n kò bèèrè ohun tí ẹ ṣe. Ṣé ẹ fẹ́ jàre ni, àbí ẹ fẹ́ àwọn ọmọ náà?" Mo bínú sùn. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, mo wọ ọkọ̀ lọ sí Dei-Dei.

Ọjà yẹn! Lọ́rí lọ́tùn-ún, lọ́rí lósì, ariwo páànù bí ẹni pé ojú ọ̀run ń ya. Mo bá Alhaji níbi tí wọ́n ti ń já irin sílẹ̀. Mo kúnlẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ni, èmi yìí, lórí ilẹ̀ ọjà. Ó ní kí n dìde, mo ní ó di ìgbà tó bá gbọ́ mi. Bí a ṣe wà níbẹ̀, ọkùnrin kan tó dúró lórí lọ́rí kígbe, "Wákílù, ẹ̀yìn rẹ!" Alhaji fò sẹ́gbẹ̀ẹ́. Irin kan já bọ́ síbi tó dúró sí.

Mo ní, "Alhaji, ta nìyẹn?"

"Ẹni tó ń bá mi já ẹrù ni."

"Ó pè yín lórúkọ."

Ó wò mí. Ó wo irin náà. Ó ní, "Irin máa ń pa ènìyàn. Bọ́ọ̀lù kì í pa ènìyàn."

"Bọ́ọ̀lù ló la ètè Mulikat. Ẹ bi í."

Ó ṣí fìlà rẹ̀, ó fi nu ojú. Lẹ́yìn náà ló sọ ọ̀rọ̀ kan tí n kò lè gbàgbé. Ó ní, "Ohun tí ẹ bá bà jẹ́ ní pápá, ẹ tún un ṣe ní pápá, kí wọ́n tó wọ ilé mi. Bí fèrè ìkẹyìn bá ti dún, Rúkáyá gbọ́dọ̀ kúnlẹ̀ fún ẹ̀gbọ́n rẹ̀, kó tọrọ àforíjì gbogbo ìgbà tó pè é lórúkọ. Bí kò bá kúnlẹ̀ lọ́jọ́ kan, ó parí."

Mo ní mo gbà. Àbí kí n máa bá a jiyàn? Ọ̀rọ̀ ọlọ́gbọ́n ni.

Ẹ̀yin ọmọ, ìgbà yẹn ni ayé mi dùn jù. A borí nínú eré àkọ́kọ́ fún ife náà, a borí nínú ìkejì, a borí nínú ìkẹta. Bí fèrè bá ti dún, Rúkáyá á sáré láti ẹnu ilé wá, á kúnlẹ̀ nínú eruku. "Àǹtí mi, ẹ má bínú." Mulikat á gbé ojú sókè bí ìyáàfin ààfin, á ní, "Ẹ̀ẹ̀mélòó lo pè mí lónìí?" "Ẹ̀ẹ̀mọ́kànlá." "Ó pọ̀ jù. Dìde, mo forí jì ọ́." Gbogbo wa á rẹ́rìn-ín ṣubú. Kò pẹ́, gbogbo àwọn kékeré bẹ̀rẹ̀ sí í kúnlẹ̀ fún àwọn àgbà lẹ́yìn eré, Ladi náà kúnlẹ̀, ó ní òun kò mọ ìdí rẹ̀ ṣùgbọ́n ó dùn. Àwọn ọmọ ilé-ìwé mìíràn ń wò wá bí wèrè. Ẹ lọ wo pápá lónìí, ẹ máa rí èébú, ẹ máa rí ẹ̀ṣẹ́. Ta ló ń bẹ ta?

A dé ìdíje ìkẹyìn fún ife náà, ní Bwari. Pápá tó ní koríko, ilé tó ní àwọ̀n gidi. Rúkáyá ń fi ọwọ́ kan àwọ̀n yẹn bí ẹni tó ń wo aṣọ olówó ńlá.

Ibí yìí ni mo ti ṣe àṣìṣe mi. Kò sẹ́ni tó tì mí. Mo pe Alhaji lórí fóònù, èmi fúnra mi. "Alhaji, ẹ wá fi ojú yín rí bí àwọn ọmọ yín ṣe ń kúnlẹ̀." Ẹ mọ ìdí tí mo fi pè é? Mo fẹ́ kó sọ lójú gbogbo ayé pé mo jàre. Ìyẹn nìkan. Mo ti rí àwọn ọmọ náà gbà tán, mo tún fẹ́ jàre lé e.

Ìdajì àkọ́kọ́, òdo sí òdo. Ìdajì kejì ti bẹ̀rẹ̀ kí Alhaji tó dé, jàlàbíà funfun, fìlà funfun. Kò mọ ibi tí wọ́n ń dúró sí, ó rìn lọ tààrà sẹ́gbẹ̀ẹ́ òpó ilé, níbi tí ọmọ rẹ̀ wà. Rúkáyá rí i. Kí ni ọmọ náà ṣe? Ó kúnlẹ̀ kí i! Aṣọ́lé, láàárín eré!

"Rúkáyá, dìde!" Mo kígbe tó fi dà bí ẹni pé ọ̀fun mi fẹ́ ya. Ó dìde. Bọ́ọ̀lù ṣì jìnnà. Mo ní ọpẹ́ ni fún Ọlọ́run.

Ọpẹ́ wo? Kò tó ìṣẹ́jú márùn-ún lẹ́yìn náà, wọ́n gbá bọ́ọ̀lù gígùn kan. Mulikat ń sáré padà bọ̀ sílé, ó kẹ̀yìn sí ikọ̀ kejì, ojú rẹ̀ wà lára bọ́ọ̀lù nìkan. Rúkáyá ti jáde síta. Bọ́ọ̀lù tirẹ̀ ni. Kó ṣáà pe orúkọ kan. Mo rí i tó la ẹnu. Mo rí i tó wo ẹ̀gbẹ́ òpó, tó wo bàbá rẹ̀. Ẹnu náà pa dé.

Mulikat kò gbọ́ nǹkan kan. Ó rò pé àbúrò òun ṣì wà nínú ilé, ó rọra fi ẹsẹ̀ tì í padà sí i. Bọ́ọ̀lù náà gba ẹ̀gbẹ́ Rúkáyá kọjá. Kò yára. Ó yí, ó yí, ó wọlé bí àlejò tó mọ̀nà.

Mulikat káwọ́ lérí. Mo sáré lọ sẹ́gbẹ̀ẹ́ òpó. Alhaji ní, "Kí ló ṣẹlẹ̀? Kí ló dé tí wọ́n ń yọ̀?"

Mo ní, "Ọmọ yín kò lè pe ẹ̀gbọ́n rẹ̀, sà. Ẹ ń wò ó."

"Nítorí mi?"

"Nítorí yín. Nítorí èmi tí mo pè yín."

Ó dúró bí òpó kejì. Lẹ́yìn náà ni mo gbọ́ ohùn kan tí wọ́n fi ń bá lọ́rí sọ̀rọ̀. "Rúkáyá! Pè é! Pe orúkọ rẹ̀! Èmi bàbá rẹ ni mo sọ ọ́!"

Gbogbo pápá yíjú. Ọmọ náà wò ó bóyá ó gbọ́ dáadáa. Láti ìgbà yẹn, kí ni kò pè? "Múlí, ọ̀tún! Múlí, fi sílẹ̀! Múlí, gbá a jáde!" Alhaji ń pè é pẹ̀lú rẹ̀. Nǹkan kan kò kọjá lọ́dọ̀ wọn mọ́. Ṣùgbọ́n àwa náà kò rí ti wọn gbá wọlé. Ladi gba òpó. Ó tún gba òpó. Fèrè dún. Òdo sí ẹyọ kan.

Rúkáyá sáré wá kúnlẹ̀ fún ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Mulikat kò bèèrè iye ìgbà. Ó kúnlẹ̀ tì í.

Alhaji wá bá mi, ó ń wo ilẹ̀. "Ìyá Túndé, ẹ̀ bá má ti pè mí wá."

Mo ní, "Òótọ́ ni, Alhaji."

Ní ọjọ́ Ajé, ọ̀gá ilé-ìwé ránṣẹ́ sí mi. Mo wọlé, mo bá Alhaji níbẹ̀. Kò sẹ́ni tó pè é. Ó ti ilẹ̀kùn ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ pa, ó wá láti Dei-Dei, fìlà rẹ̀ wà lọ́wọ́ rẹ̀, ó ń bẹ̀bẹ̀. "Ẹ ṣàánú wọn, sà. Èmi ni mo fa góòlù yẹn, kì í ṣe àwọn ọmọ, kì í ṣe kóòṣì. Ẹ fún wọn ní tẹ́ẹ̀mù kan sí i."

Ọ̀gá náà mi orí. "Alhaji, mo gbọ́ yín. Ṣùgbọ́n èmi àti Ìyá Túndé ti jọ sọ ọ́." Ó yíjú sí mi. "Àbí a kò jọ sọ ọ́?"

Alhaji wò mí. Ojú rẹ̀ ń sọ pé ó yá, ẹ̀yin lẹ lẹ́nu.

Ọ̀rọ̀ kún ẹnu mi, ẹ̀yin ọmọ. Kí n ní àwọn ọkùnrin kò gba nǹkan kan rí. Kí n ní àwa la kọ́kọ́ dé ìdíje ìkẹyìn láti ọjọ́ tí wọ́n ti dá ilé-ìwé yẹn sílẹ̀. Kí n ní ẹ fún wa ní àárọ̀ nìkan, ìgbà tí kò sẹ́ni tó ń lo pápá bí kò ṣe màlúù. Gbogbo rẹ̀ ló wà lórí ahọ́n mi. Ṣùgbọ́n ọ̀gá yẹn ló gbà mí síṣẹ́ nígbà tí n kò ní ìwé kankan lọ́wọ́. Ó dàgbà tó ẹni tó lè bí mi. Mo káwọ́ sẹ́yìn. Mo tẹ orúnkún díẹ̀.

Mo ní, "A sọ ọ́, sà."

Alhaji dé fìlà rẹ̀. Ó kí wa, ó jáde. Èmi náà padà sídìí tábìlì mi. Fèrèsé náà ṣì kọjú sí pápá, mo ní kí wọ́n bá mi yí àga padà.

Wọ́n ti kọ́ gbọ̀ngàn sórí ìdajì pápá yẹn báyìí. Wọ́n ya ọmọbìnrin tó ń gbá bọ́ọ̀lù sára ògiri rẹ̀, gàgàrà, nítorí bọ́ọ̀lù obìnrin ti di ohun tí wọ́n fi ń pe àwọn òbí wá. Ẹ lọ bèèrè ikọ̀ obìnrin wọn. Ti ara ògiri yẹn nìkan ni wọ́n ní. Ojú kì í tì wọ́n! Mulikat ti wà nílé ọkọ ní Ìlọrin, Rúkáyá ń kọ́ṣẹ́ nọ́ọ̀sì. Bí Iléyá bá dé, wọ́n á pè mí, wọ́n á kí mi dáadáa. Wọn kò dárúkọ ọjọ́ yẹn rí. Àwọn ọmọ tí wọ́n kọ́ lẹ́kọ̀ọ́ ni.

N kò ní kí ẹ má kúnlẹ̀ o. Ẹ kúnlẹ̀ dáadáa. Ẹ̀yin ọmọ Àbújá yìí, "hi" tí ẹ ń kí àgbà kò tẹ́ mi lọ́rùn. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá wà lórí ìkúnlẹ̀, ẹ má pa ẹnu dé. Ẹ sọ ohun tó wà níbẹ̀ láti sọ. Ẹ jẹ́ kí ẹni tó máa kọ̀, kó gbọ́ ọ kó tó kọ̀.

Kí lo sọ, Tóbi? Pé bí mo bá sọ̀rọ̀ lọ́jọ́ náà ńkọ́, ṣé ọ̀gá ì bá gbà?

Ó lè gbà. Ó lè lé mi jáde. N kò mọ̀, ọmọ mi. Bí ó bá kọ̀ fún mi, ǹ bá ti bínú, ǹ bá ti gbàgbé. N kò mọ̀… òun ló ń dùn mí títí di òní.